Ará Òṣùpá Gba Òdo: Òtítọ́ àti Irọ́ Inú Fíìmù Òfurufú

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dúró síwájú pátákó yìí pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́ lásìkò ìsinmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ mi gùn, ṣùgbọ́n ó nídìí. Ìwé kan wà lọ́wọ́ Tíṣà Físíìsì wa tí mo gbọ́dọ̀ gbà padà.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Lọ́sẹ̀ kẹta táàmù yìí, a ṣe tẹ́ẹ̀sì Físíìsì. Ìbéèrè kẹrin ní: kí ló fà á tí àwọn tó wà nínú ibùdó gbalasa òfurufú fi máa ń léfòó? Èmi tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Ará Òṣùpá nítorí fíìmù tí mo máa ń wò, mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo kọ ọ́ wàràwàrà pé kò sí òòfà ilẹ̀ lókè lọ́hùn-ún ni. Òdo ni mo gbà. Òdo rogodo bí ẹyin. Ẹni tó jókòó tì mí, tí kì í wo ju fíìmù Yorùbá lọ, ló gbà á.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣàlàyé ìdáhùn, inú ń bí mi, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Kọ́míìkì Tintin ni mo ṣí sórí itan mi lábẹ́ tábìlì. Tíṣà rí i, wọ́n gbà á. Wọn ò nà mí o. Wọ́n kàn ní, "O fẹ́ràn òfurufú báyìí, o ò sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Lọ kọ ọ́ fún Ẹgbẹ́ Oníròyìn, èyí tó jẹ́ òótọ́ àti èyí tó jẹ́ irọ́. Bó bá dáa, wàá gba ìwé rẹ. Bí kò bá dáa, bàbá rẹ ló máa gbà á lọ́jọ́ ìbẹ̀wò."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ bàbá mi, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé nìyẹn. Táàmù tó kọjá, mo ti ipò kẹrin bọ́ sí ipò kọkànlá. Wọ́n ní fíìmù ló fà á, wọ́n sì ti sọ ọ́ pé bó bá tún lọ sílẹ̀, àwọn máa yọ mí kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Ìwé náà pàápàá kì í ṣe tèmi. Ti ẹ̀gbọ́n màmá mi ni, wọ́n ti ní in láti ìgbà tí wọ́n wà ní sẹ́kọ́ńdìrì.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo mi.

Òòfà ilẹ̀ wà lókè lọ́hùn-ún, ó sì pọ̀ gan-an. Ibùdó tí wọ́n ń pè ní ISS, nǹkan bíi 400 km ló fi ga ju ilẹ̀ lọ. Láti àárín gbùngbùn ayé dé orí ilẹ̀ tí a dúró sí jẹ́ 6,371 km. Ẹ fi 400 kún un, ó di 6,771. Ẹ pín 6,371 sí 6,771, kí ẹ wá fi èsì náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí ẹ máa rí ò jìnnà sí 0.89. Ìyẹn ni pé òòfà tó wà níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá èyí tó dì wá mú níhìn-ín. Bí a bá lè gbé àkàbà tó ga tó 400 km dúró sẹ́yìn ilé ìdáná, ẹni tó bá gùn ún dé òkè ò ní léfòó. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yẹ̀, á já bọ́ ni.

Jíjá bọ́ yìí gan-an ni ìdáhùn. Tíṣà mú ike omi kan, wọ́n fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí i nísàlẹ̀, wọ́n bu omi kún un. Omi ń tú jáde ṣàà. Wọ́n gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì, àwa dúró nísàlẹ̀, wọ́n jọ̀wọ́ ike náà. Bó ṣe ń bọ̀ nílẹ̀, omi ò jáde mọ́! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe é nítorí àwọn kan ní ojú ló ń tàn wá. Ìgbà tí ike wà lọ́wọ́ wọn, omi tó wà lókè ń ti èyí tó wà nísàlẹ̀, ìyẹn ló ń tì í gba ojú ihò. Ìgbà tí ike àti omi jọ ń já bọ́ ní ìwọ̀n eré kan náà, kò sí èyí tó ń ti èkejì. Àwọn tó wà nínú ISS ni omi, ISS fúnra rẹ̀ ni ike. Wọ́n jọ ń já bọ́ ni, lọ́sàn-án, lóru.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí wọn ò fi tíì kanlẹ̀. Eré tí wọ́n ń sá síwájú ni. Ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ISS já bọ́ ní nǹkan bíi 4.3 m. Ní ìṣẹ́jú-àáyá kan náà, ó ti sáré síwájú ní nǹkan bíi 7.7 km, ayé tó rí rogodo sì ti tẹ̀ sá fún un ní bíi 4.3 m. Ó ń já, ilẹ̀ ń sá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń yí ayé po ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 90. Bẹ́ẹ̀ náà ni NigeriaSat-1, sátẹ́láìtì tí orílẹ̀-èdè wa gbé lọ sókè láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹsàn-án, 2003, ṣe yí ayé po.

Níbo ni mo ti wá kọ́ irọ́ yẹn? Mo ronú lé e lórí. Nínú Star Wars àti Star Trek, àwọn ènìyàn máa ń rìn nínú ọkọ̀ wọn bí ẹni tó ń rìn nínú pálọ̀. Wọn ò ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn ní ẹ̀rọ kan ló ń ṣe òòfà fún wọn. Bí mo ṣe ń wò ó lọ́dọọdún, ó wọ̀ mí lára pé òòfà jẹ́ ohun tí èèyàn ń tàn bí iná, tí èèyàn ń pa bí iná, àti pé bí a bá ti kúrò ní ayé, a ti pa á nìyẹn. Fíìmù 2001: A Space Odyssey tí Stanley Kubrick ṣe ní 1968 kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ibùdó òfurufú inú tirẹ̀ jẹ́ kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń yí, àwọn ènìyàn sì ń rìn ní inú etí kẹ̀kẹ́ náà. Ẹ so okùn mọ́ korobá omi, kí ẹ fì í yípo lókè orí yín kíákíá. Omi ò ní dà lé yín lórí. (Bó bá dà, ẹ ò fì í kíákíá tó ni, ẹ má wá bá mi.) Ohun tó di omi yẹn mọ́ ìdí korobá náà ló ń mú kí ẹsẹ̀ àwọn ará inú fíìmù náà kanlẹ̀. Kò sí iṣẹ́ ìyanu kankan níbẹ̀. Mo gbà pé fíìmù yẹn fà gan-an; àbúrò mi sùn lọ kí ó tó dé ìdajì.

Wàyí o, ìwé tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Explorers on the Moon ni, òun ni apá kejì Destination Moon. Hergé, ọmọ ilẹ̀ Belgium, ló ya àwòrán rẹ̀ tó sì kọ ìtàn rẹ̀. Láti 1950 ló ti ń jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn àwọn ọmọdé lédè Faransé, ó wá di ìwé méjì ní 1953 àti 1954. Ẹ fojú sí ọdún yẹn dáadáa. Sputnik tó kọ́kọ́ yí ayé po di 1957. Gagarin di 1961. Armstrong àti Aldrin ò tẹ òṣùpá títí di ọjọ́ 20, oṣù Keje, 1969. Ọkùnrin yìí ò rí ohunkóhun tí yóò wò yà, àfi ìwé tó kà àti àwọn onímọ̀ tó bi léèrè.

Ẹ wo bó ṣe ṣe é. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Tintin ní ẹ́ńjìnnì átọ́míìkì tí kì í kú. Ó ń mú eré pọ̀ sí i láti ayé títí dé ìdajì ọ̀nà, ìyẹn ló ń ti ilẹ̀ ọkọ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, tí wọ́n fi ń rìn dáadáa nínú rẹ̀. Bó bá dé ìdajì ọ̀nà, rọ́kẹ́ẹ̀tì á yí ìdí síwájú, ẹ́ńjìnnì á wá máa dá eré dúró. Mo jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀. Òṣùpá jìnnà sí wa ní nǹkan bíi 384,400 km, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 192,200 km. Bí eré bá ń pọ̀ sí i ní 9.8 m/s², bí òòfà ilé wa níhìn-ín, fọ́múlà s = ½at² fún mi ní nǹkan bíi 6,260 ìṣẹ́jú-àáyá fún ìdajì ọ̀nà, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 44. Àpapọ̀ rẹ̀ ò tó wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀! Láti ibí dé òṣùpá! Apollo 11 lo nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta kó tó dé àyíká òṣùpá, nítorí ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n pa á, ó sì ń yọ̀ lọ bí òkúta tí a sọ. Kò tíì sẹ́ni tó ní ẹ́ńjìnnì bíi ti Tintin títí di òní, torí náà ibi tí ìwé náà ti rọ́ irọ́ nìyẹn. Irọ́ kan ṣoṣo ni, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e ló sì bá ìṣirò mu.

Ibì kan wà níbẹ̀ tí mo ti kà bí ìgbà ogún, tí mo sì ń rẹ́rìn-ín ní gbogbo ìgbà. Captain Haddock tọ́jú wisikí pamọ́ sínú ìwé tó ti gbẹ́ inú rẹ̀. Bó ṣe ń gbé e sẹ́nu, àṣìṣe àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjèèjì pa ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì. Lójú ẹsẹ̀, gbogbo wọn léfòó, wisikí jáde nínú ife, ó di rogodo bí bọ́ọ̀lù, ó ń fò lọ, Captain sì ń lé e kiri. Èmi rò pé àwàdà ni. Ẹ wá wò ó: ẹ́ńjìnnì kú, kò sí ohun tó ń ti ilẹ̀ ọkọ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ mọ́, rọ́kẹ́ẹ̀tì àti ènìyàn àti wisikí wá jọ ń lọ bí ike àti omi Tíṣà wa. Ọtí náà sì di rogodo nítorí surface tension tí a kọ́ ní SS1, kò sí ohun tó ń fà á tẹ́ mọ́. Ìdáhùn ìbéèrè kẹrin wà lórí itan mi lábẹ́ tábìlì, èmi sì ń bínú pé wọ́n fún mi ní òdo.

Ìwé náà ní àṣìṣe. Captain mutí yó, ó bọ́ síta, òkúta ràbàtà kan tó ń jẹ́ Adonis sì fa òun mọ́ra tó fi ń yí i po. Adonis wà lóòótọ́, 1936 ni wọ́n rí i, ṣùgbọ́n kò tó kìlómítà kan ní fífẹ̀. Òòfà rẹ̀ kéré débi pé ènìyàn lè fò kúrò lórí rẹ̀ kó má padà mọ́. Kò lè já ọ̀gbẹ́ni tó sanra bíi Haddock gbà. Tintin tún rí yìnyín nínú ihò òṣùpá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó mọ̀ ọ́n fi sọ pé òṣùpá gbẹ fúrúfúrú. Ní 2009, Amẹ́ríkà ju ẹ̀rọ kan lu kòtò kan ní ìhà gúúsù òṣùpá, níbi tí oòrùn kì í dé, omi sì wà nínú ohun tó tú jáde. Kì í ṣe irú ibi tí Hergé yà ṣá o, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́.

Ṣùgbọ́n èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti afẹ́fẹ́. Wọ́n gbé afẹ́fẹ́ fún ènìyàn mẹ́rin àti ajá kan. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjì ṣèèṣì bá wọn lọ, ọ̀tá kan sì ti sá pamọ́ sínú ọkọ̀. Ó di méje. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀rù ló ń bà mí lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Kò sí àlùjọ̀nnú níbẹ̀, ìyọkúrò lásán ló fẹ́ pa wọ́n. Nígbà tí Wolff, tó ti da àwọn yòókù tẹ́lẹ̀, kọ ìwé sílẹ̀ tó sì ṣílẹ̀kùn jáde sínú òkùnkùn kí afẹ́fẹ́ lè tó wọn délé, mo sunkún. Èmi tí mo ti wo bí wọ́n ṣe fi ìbọn kan fọ́ odindi pílánẹ́ẹ̀tì nínú Star Wars, tí mo sì ń jẹ gúgúrú lọ.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, mo fẹ́ràn Star Wars. Ohùn ìbọn àti ìbúgbàù tó kún inú rẹ̀, irọ́ ni, nítorí ohùn nílò afẹ́fẹ́ tàbí nǹkan mìíràn tí yóò gbà kọjá, òfìfo sì ni ibẹ̀. Kubrick tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ní tirẹ̀, ó pa ohùn síta pátápátá: mímí ẹni tó wà nínú akoto nìkan lẹ máa gbọ́, ìyẹn sì bani lẹ́rù ju ariwo lọ. Han Solo náà ń fọ́nnu pé ọkọ̀ òun yára, ó wá fi parsec díwọ̀n rẹ̀. Parsec kì í ṣe àkókò, ìjìnnà ni, ìjìnnà tí ìmọ́lẹ̀ fi ọdún 3.26 rìn. Ó dà bí kí awakọ̀ kan sọ pé mọ́tò òun yára débi pé kìlómítà péréte ni òun fi ti Èkó dé Ìbàdàn. Ní 2018, wọ́n ṣe odindi fíìmù tó gbìyànjú láti fi ọ̀nà àbùjá tún ọ̀rọ̀ náà ṣe.

Lójú tèmi, Star Wars kì í ṣe ìtàn sáyẹ́ǹsì rárá, ẹ má sì fi ojú yẹn wò ó. George Lucas fẹ́ fi Flash Gordon ṣe fíìmù, kò rí àṣẹ gbà, ló bá kọ tirẹ̀, tó jáde ní 1977. Flash Gordon fúnra rẹ̀ jẹ́ kọ́míìkì tí Alex Raymond bẹ̀rẹ̀ ní 1934: ọkùnrin alágbára kan bọ́ sí pílánẹ́ẹ̀tì Mongo, ó ń bá ọba burúkú jà, ó ń ti ọwọ́ ẹranko abàmì kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn. Ṣé kò jọ ohun tí ẹ mọ̀? Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà jáde. Mi ò ní ẹnì kan wo ẹnì kan kọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó bi Fágúnwà pé báwo ni Àgbákò ṣe ń mí. Igbó irúnmọlẹ̀ ní òfin tirẹ̀, a sì mọ̀ pé igbó irúnmọlẹ̀ la wà. Fíìmù tó bá wọ ẹ̀wù sáyẹ́ǹsì, tó ń fi nọ́ńbà àti ẹ̀rọ ṣakọ, tí ìṣòro bá dé tó wá fi iṣẹ́ ìyanu yanjú rẹ̀, òun ni mo ń bínú sí.

The Martian (2015) fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sọ́wọ́ mi níbi yìí. Ìjì eruku ló lé wọn kúrò ní Mars tí wọ́n fi gbàgbé ẹnì kan síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ Mars fúyẹ́ débi pé ìjì tó ń sáré 100 km ní wákàtí kan níbẹ̀ ò lè ti ènìyàn ju bí atẹ́gùn tó ń fẹ́ ní nǹkan bíi 13 km ní wákàtí kan níhìn-ín ti lè tì í. Àsíá iwájú ọ́fíìsì pírínsípà ò ní nà tán. Andy Weir tó kọ ìwé rẹ̀ gbà pé òun mọ̀ pé irọ́ ni, òun kàn nílò ohun tó máa fi ọkùnrin náà sílẹ̀ níbẹ̀ ni. Mo dárí jì í, nítorí láti ibẹ̀ lọ, ìṣirò oúnjẹ, omi àti afẹ́fẹ́ ni gbogbo fíìmù náà. Ó ka pòtétò rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti jẹ gàárì ọ̀sẹ̀ kejìlá rí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, kò nílò kí n ṣàlàyé ìdààmú yẹn fún un.

Bàbá mi bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Kí ni tìrẹ níbẹ̀? Èèyàn bíi tìrẹ wà níbẹ̀ ni?" Mi ò rí èsì fọ̀ nígbà yẹn, mo ti rí i báyìí. Star Trek bẹ̀rẹ̀ ní 1966 lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Nichelle Nichols, sì wà lára àwọn ọ̀gá inú ọkọ̀ náà, orúkọ tó jẹ́ níbẹ̀ ni Uhura. Láti 1977, òun fúnra rẹ̀ bá NASA wá àwọn obìnrin àti àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n lè gbà síṣẹ́. Ọmọbìnrin kan tó ń wo Uhura láti kékeré, Mae Jemison, kàwé di dókítà, ó sì gun Endeavour lọ sókè ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹsàn-án, 1992. Òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé òfurufú. Bí ẹ bá sì ní Amẹ́ríkà jìnnà, Tade Thompson, ọmọ Yorùbá tó jẹ́ dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwé ìtàn kan jáde ní 2021, Far from the Light of Heaven. Ibùdó òfurufú kan wà nínú rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lagos.

Mi ò sọ pé mo máa lọ sí òṣùpá, bàbá mi. Kíláàsì sáyẹ́ǹsì ni mo ní kí ẹ jẹ́ kí n wà.

ÀFIKÚN: Tíṣà ti ka èyí kí Ẹgbẹ́ Oníròyìn tó lẹ̀ ẹ́. Wọ́n fi bírò pupa fa ìlà sí ibi méjì, mo ti tún un ṣe. Wọ́n tún ní kí n wá sójú bọ́ọ̀dù ṣe ìṣirò rọ́kẹ́ẹ̀tì Tintin yẹn, ṣùgbọ́n kí n fi Mars rọ́pò òṣùpá, nígbà tó bá jìnnà ní mílíọ̀nù 78 km. Mo rí ọjọ́ méjì àti díẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìwé padà sọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ yá a kó tó di ìsinmi, kó wá bá mi ní SS2A. Kó fọ ọwọ́ kó tó wá, kó má sì kà á lábẹ́ tábìlì.